Fáìlì kan fún ẹni méjì: àyẹ̀wò àwọn tó ń wá ọmọ ní ilé ìwòsàn kan ní Sùúrùlérè

Nígbà tí ìyàwó mi tẹ ilé ìwòsàn yìí láago láti gba ọjọ́ tí yóò wá rí dókítà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í ni pé ṣé òun àti ọkọ òun ni wọ́n jọ ń bọ̀. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ dá wá ná, pé bí ó bá yá, ọkọ òun yóò tẹ̀lé òun. Obìnrin tó gbé fóònù náà sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé àwọn kì í fún ẹnì kan ṣoṣo ní ọjọ́ àkọ́kọ́, pé kí ó wo ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ yóò ráyè, kí ó sì padà pè. Inú bí mi nígbà tí ó sọ ọ́ fún mi. Mo rò pé ọgbọ́n àtigba owó ẹni méjì ni wọ́n ń dá. Oṣù méje ti kọjá báyìí, a sì ti dé ibẹ̀ nígbà mẹ́fà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tó dára jù lọ nínú iṣẹ́ wọn, bí wọ́n ṣe kọ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn ni n óò kọ́kọ́ mẹ́nu bà.

N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé mo ní ẹ̀sùn tí n óò fi kàn wọ́n níwájú, ìtọ́jú wa sì ṣì ń lọ lọ́wọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá mọ Sùúrùlérè dáadáa yóò mọ̀ pé irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ kò kéré níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yóò wúlò fún ẹni tó bá ń yẹ èyíkéyìí nínú wọn wò.

Ọdún márùn-ún rèé tí a ti ṣe ìgbéyàwó. Ẹni ọdún 34 ni ìyàwó mi, èmi sì jẹ́ ẹni ọdún 41. Ní gbogbo àsìkò tí a fi ń retí ọmọ, òun nìkan ló ń káàkiri. Ó ti mu àgbo tí wọ́n rà fún un ní ọjà Ojúwòyè ní Muṣin, ó ti gba ààwẹ̀, ó ti lọ ya fọ́tò ilé ọmọ, ó sì ti lo oògùn tí wọ́n fi ń mú ẹyin dàgbà fún oṣù mẹ́fà gbáko. Kò sí ẹni tó bèèrè mi níbi kankan, èmi náà kò sì yọjú. Ara mi le, nǹkan ọkùnrin mi ń ṣiṣẹ́, mo sì gbà pé ẹjọ́ mi ti parí síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin a máa pe ìyàwó mi sí ìyẹ̀wù bí a bá lọ kí wọn, a sì máa bi í léèrè pé "Ìyàwó, kí ni dókítà wí?" Kò bi èmi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Bí a bá rò ó wò, èdè wa pàápàá lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. A ní àgàn fún obìnrin. Fún ọkùnrin, akúra àti òkóbó ni a mọ̀, ẹni tí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ kò dìde sì ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń bá wí. Ọkùnrin tí tirẹ̀ ń dìde, tó ń da àtọ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n tí àtọ̀ náà kò lágbára láti di oyún, n kò gbọ́ orúkọ kan tí gbogbo ayé fi ń pè é. Ohun tí kò bá sì lórúkọ, ta ni yóò fura sí i?

Dókítà tó gbà wá wọlé jẹ́ obìnrin tó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún. Kí ó tó wo ìwé kankan, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ wọlé, sà. Ọ̀pọ̀ ọkọ ló máa ń jókòó sínú mọ́tò." Wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a lò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì lè sọ ọ́ láìṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó pé n kò tíì gbọ́ àlàyé tó yéni tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu dókítà rí. Ó ní kí tọkọtaya tí kò lo ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó lè gbà pé ó yẹ kí àwọn lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n gbọ́dọ̀ ti máa bá ara wọn sùn déédéé fún oṣù 12 láìsí oyún, ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá ti pé ọdún 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n má ṣe dúró kọjá oṣù mẹ́fà, nítorí pé gbogbo ẹyin tí obìnrin yóò lò láyé ni wọ́n ti bí i mọ́, iye wọn sì ń dín kù bí ọjọ́ ti ń lọ. Ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìròyìn kan jáde ní ọdún 2023 pé nínú àgbàlagbà mẹ́fà, ẹnì kan yóò bá ìṣòro yìí pàdé nígbà kan láyé rẹ̀. Nígbà tí ó sọ èyí, ìyàwó mi mí kanlẹ̀. Ó jọ pé ó ti ń rò pé òun nìkan ni.

Lẹ́yìn náà ni ó fa ìwé kan yọ, ó sì ya ìlà gígùn kan, ó fi ọjọ́ sí i láti 1 dé 33, nítorí pé ọjọ́ 33 ni nǹkan oṣù ìyàwó mi fi ń yípo. Ó ka ọjọ́ 14 sẹ́yìn láti ìparí, ó sì fi àmì sí ọjọ́ 19. Ibẹ̀ ni ẹyin máa ń jáde sí, ó ní, bí ẹyin bá sì ti jáde, kì í ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ kí ó tó bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ àtọ̀ lè wà láàyè nínú obìnrin fún ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni ìlẹ̀kùn fi ń ṣí nínú oṣù kan. Ó wá bi mí léèrè irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní Bonny ní ìpínlẹ̀ Rivers ni mo ti ń bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì nílé. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ní kí ìyàwó mi ṣí kàlẹ́ńdà tó wà lórí fóònù rẹ̀, kí èmi náà ṣí tèmi. A kà á papọ̀. Nínú nǹkan oṣù mẹ́jọ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ọjọ́ mẹ́fà náà bá mi nílé láìyingin. A ti ń ka ọdún, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú oṣù tí a kà kò yẹ ní kíkà rárá.

Ó tún bi wá ní ìbéèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìkejì á sì jáde fún ìgbà díẹ̀. Mo gbóríyìn fún wọn lórí èyí, nítorí pé àwọn ìbéèrè kan wà tí ènìyàn kò ní fi òótọ́ dáhùn lójú ìyàwó rẹ̀. Ó bi mí bóyá sẹ̀gẹ̀dẹ̀ mú mi lẹ́yìn tí mo bàlágà, bóyá mo ti ní àtọ̀sí rí, bóyá mò ń mu sìgá, bóyá mò ń gba abẹ́rẹ́ tí àwọn tó ń gbé irin fi ń mú ara wọn tóbi. Èyí tó gbẹ̀yìn yà mí lẹ́nu. Ó ní abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù ọkùnrin tí wọ́n ń gbà láti fi mú ara le a máa sọ fún ọpọlọ pé họ́mọ̀nù ti pọ̀ tó, kórópọ̀n a sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin tó rí gìrìpá lójú gbogbo ènìyàn lè máà ní ọmọ inú àtọ̀ kankan, ìyẹn àwọn ohun wínníwínní inú àtọ̀ tó ń wá ẹyin lọ.

Ìyàwó mi béèrè nípa ẹ̀dà, ìyẹn àtọ̀ tó ń dà padà lẹ́yìn tí a bá ti bá ara wa sùn, èyí tí àwọn alágbo tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó ní Ojúẹlẹ́gbà ń ta oògùn fún láràárọ̀. Dókítà ní omi tó gbé àtọ̀ wá ni ó ń dà jáde, pé àwọn ọmọ inú àtọ̀ tó máa lọ ti wọlé lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, pé kò sí obìnrin tí kì í ṣẹlẹ̀ sí. Mo ronú iye owó tí a ti ná sórí ẹ̀dà, mo dákẹ́.

Ibi tí wọ́n ti já mi kulẹ̀ jù ni yàrá tí ọkùnrin ti ń gba àtọ̀ rẹ̀ sínú ìgò fún àyẹ̀wò. Wọ́n ti ní kí n má ṣe bá obìnrin sùn fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, kí ó má sì ju ọjọ́ méje lọ, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí ni yàrá náà wà, pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló pààlà, mo sì ń gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń bá oníṣòwò kan jà lórí fóònù nípa ìrẹsì. Kò sí afẹ́fẹ́, ìlẹ̀kùn kò sì ní ju ìkọ́ kan ṣoṣo lọ. Mo wà níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, mo sì jáde pẹ̀lú ìgò òfìfo. Nọ́ọ̀sì kan tó dàgbà, tí ojú mi kò ní gbàgbé láéláé, rọra gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ẹ má dààmú ara yín, Bọ̀dá. Ẹ lọ ṣe é nílé, kí ẹ sì gbé e wá kí wákàtí kan tó pé."

Ṣómólú ni ilé wa wà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà láti Ṣómólú dé Sùúrùlérè ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yóò mọ ohun tí wákàtí kan túmọ̀ sí. Wọ́n ní ìgò náà kò gbọ́dọ̀ tutù, kò sì gbọ́dọ̀ gbóná ju ara lọ, nítorí náà abẹ́ abíyá ni mo há a sí, lábẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, mo sì wọ ẹ̀wù lé e. Ìyàwó mi ló wa mọ́tò. A yára gba Fádéyì kọjá, a dé Jìbówú, gbogbo rẹ̀ sì dì pa. Ọ̀kadà tí ì bá gbé mi fò kọjá ni ìjọba Èkó ti fi òfin dè ní Sùúrùlérè láti ọdún 2022. Mo jókòó bí ẹni tí eéwo wà lábíyá rẹ̀, mò ń wo aago, ọlọ́jà kan sì ń fi gálà lọ̀ mí lójú fèrèsé. Ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta ni a fi dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní láàbù gba ìgò, ó kọ àkókò tí mo gbà á àti àkókò tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ sí ara rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò sì wo ojú mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Èsì jáde lọ́jọ́ kejì. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ sínú ìwé ìtọ́nisọ́nà wọn ti ọdún 2021 ni pé ó kéré jù, kí ọmọ inú àtọ̀ tó mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan, kí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì máa mira. Tèmi jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún, ìdá 22 ló sì ń mira. Ọ̀fun mi gbẹ. Èmi tí mo ti fi ọdún mẹ́rin wo ìyàwó mi bí ó ti ń gbé àgbo mì.

Dókítà kò jẹ́ kí n dá ara mi lẹ́jọ́ ikú. Ó ní ìwọ̀n náà kì í ṣe ojú ààlà tó pín ẹni tó lè bímọ sí apá kan àti ẹni tí kò lè bímọ sí apá kejì. Àwọn mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń bímọ, àwọn mìíràn sì wà lókè rẹ̀ tí kò rí i ṣe. Ó ní n kò tilẹ̀ gbọdọ̀ gba èsì kan ṣoṣo gbọ́, nítorí pé nǹkan bí ọjọ́ 70 ó lé díẹ̀ ni ara fi ń ṣe ọmọ inú àtọ̀ kan parí, bí ibà líle bá sì kọlu ọkùnrin láàárín ìgbà yẹn, àmì rẹ̀ yóò hàn nínú àtọ̀ tó bá dà lẹ́yìn oṣù méjì. Ibà ti dá mi dùbúlẹ̀ ní Bonny ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú. Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Nígbà tí mo padà wá, ó ti di mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, èyí tó fi hàn pé ibà náà jẹ̀bi díẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ìyókù wà nínú àpò kórópọ̀n mi lápá òsì, níbi tí àwọn iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà ti wú, tí wọ́n lọ́ mọ́ra bí ìfun adìyẹ. Ó ní apá òsì ni ó sábà máa ń wà, pé ẹ̀jẹ̀ tó dúró sójú kan a máa mú kórópọ̀n gbóná, kórópọ̀n sì nìyí, ìta ara ni Ọlọ́run gbé e kọ́ sí nítorí kí ó lè tutù.

Ìyàwó mi náà ní tirẹ̀. Ó kó gbogbo ìwé àtijọ́ rẹ̀ dání, mo sì rò pé wọn yóò jù wọ́n nù, kí wọ́n lè ní kí a san owó òmíràn, bí ọ̀pọ̀ ibi ti máa ń ṣe. Dókítà gbé fọ́tò HSG rẹ̀ sókè sí iná, èyí tí wọ́n fi omi aláwọ̀ kan sínú ilé ọmọ kí wọ́n tó yà á, ó fi bírò tọ́ka sí i fún àwa méjèèjì. Ní apá ọ̀tún, omi náà gba inú túùbù kọjá, ó sì dà sínú ikùn bí èéfín. Ní apá òsì, ó dé ìdí túùbù, ó dúró. Túùbù kan dí, ìkejì ṣí. Ó ní àrùn tó wọlé láti ojú ara, bí àtọ̀sí àti klamídíà, ló sábà ń fa irú rẹ̀, pé klamídíà sì lè gbé inú obìnrin tàbí ọkùnrin fún ìgbà pípẹ́ láìfi àmì kankan hàn. Kò bèèrè ẹni tó kó o wá fún ẹnì kejì. Àwa náà kò bèèrè.

Ohun tó dùn mí jù nínú àwọn ìwé náà jẹ́ èsì ẹ̀jẹ̀ kan tí ibòmíràn ṣe fún un ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí wọ́n fi sọ fún un pé ẹyin rẹ̀ kì í jáde. Ọjọ́ 21 ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà láti wo progesterone, họ́mọ̀nù tó máa ń gòkè lẹ́yìn tí ẹyin bá ti jáde. Ọjọ́ 21 dára fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń yípo ní ọjọ́ 28, nítorí pé ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ́ wò ní ọjọ́ méje kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé. Fún ẹni ọjọ́ 33, ọjọ́ 26 ni. Ní ọjọ́ 21, ẹyin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, họ́mọ̀nù náà kò tíì gòkè. Nítorí ìṣirò tí kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ yìí ni ìyàwó mi fi lo oògùn ẹyin fún oṣù mẹ́fà, tí ojú ń gbóná, tí orí ń fọ́. Wọ́n tún un ṣe ní ọjọ́ 26. Ẹyin rẹ̀ ń jáde dáadáa.

Nísinsìnyí, owó. Iye tí wọ́n dá lé àyẹ̀wò tọkọtaya lórí fóònù jẹ́ ₦185,000. Bí a ṣe ń wọlé ni wọ́n gba ₦10,000 fún káàdì. Àyẹ̀wò kòkòrò àrùn nínú àtọ̀, ₦18,000. Skáànì kórópọ̀n, ₦25,000. Àyẹ̀wò àtọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, ₦20,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦258,000, HMO ibi iṣẹ́ mi, ìyẹn ètò adójútòfò ìlera, kò sì san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. N kò sọ pé wọ́n rẹ́ wa jẹ, nítorí pé gbogbo àyẹ̀wò náà ló ní ìdí, ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn kò lè kọ gbogbo rẹ̀ sí ìwé kan láti ìbẹ̀rẹ̀? Ẹni tó bá ń lọ, kí ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣírí náà kò dára tó. Ọ̀dọ́bìnrin tó wà níwájú a máa pariwo orúkọ àyẹ̀wò mọ́ orúkọ ènìyàn. Ó tún fi "Ìyá Ìbejì" ṣe orúkọ gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀, a sì máa fi àdúrà lé e pé wọn yóò tọwọ́ bọ osùn láìpẹ́. Mo mọ̀ pé inú rere ló ti wá. Mo sì rí bí ìyàwó mi ṣe ń di báàgì rẹ̀ mú nígbàkigbà tí ó bá pè é bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, kò sí ìgbà tí a lo ohun tó dín ní wákàtí méjì kí a tó rí dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ fún wa.

Ẹ̀sùn tó tóbi jù ni ti obìnrin tó ń bójú tó owó. Kí dókítà tó tíì parí àlàyé èsì wa, ó ti pe ìyàwó mi sí ẹ̀gbẹ́, ó sì fi ìwé IVF lé e lọ́wọ́, ìyẹn kí wọ́n pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ ní láàbù kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ, mílíọ̀nù mẹ́rin náírà fún ìgbà kan, pé bí a bá san ìdajì kí oṣù tó parí, wọn yóò yọ nǹkan díẹ̀ kúrò. N kò ní nǹkan kan lòdì sí IVF. Láti àwọn ọdún 1980 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní LUTH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà, tí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí, ọ̀pọ̀ ilé ni ó sì ti mú ìdùnnú wọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ìwé náà padà fún dókítà, òun fúnra rẹ̀ ló ní kò tíì kàn wá. Ó ní obìnrin tí túùbù kan rẹ̀ ṣí, tí ẹyin rẹ̀ ń jáde, tí kò tíì pé ọdún 35, tí ohun tó ń ṣe ọkọ rẹ̀ sì ṣeé tún ṣe, lè gbìyànjú fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ó ní IVF pàápàá kì í ṣe ìdánilójú, pé ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí dókítà àti ẹni tó ń gba owó bá ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ òrùlé kan, aláìsàn tí kò bá lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni yóò san án.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi lórí àwọn iṣan náà ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, ní ilé ìwòsàn mìíràn tí dókítà náà kọ ìwé sí. Mo ti ní kí ọ̀gá mi ní Bonny yí ọ̀sẹ̀ mi padà. Ẹ̀gbọ́n mi pè ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó béèrè ohun tí dókítà wí, ìyàwó mi sì fi fóònù náà lé mi lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún." Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá béèrè bóyá mo ti jẹun.

Fáìlì wa ní Sùúrùlérè jẹ́ aláwọ̀ ewé, orúkọ àwa méjèèjì ni wọ́n sì fi bírò kan náà kọ sí i. Lẹ́yìn oṣù méjì ni wọn yóò tún àtọ̀ mi yẹ̀ wò. N kò ní wọ yàrá wọn yẹn mọ́. Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni n óò ti gbéra láti Ṣómólú, nítorí pé aago méje ààbọ̀ ni wọ́n ń ṣí láàbù.